Owó Wúrà tí Olúlékè Mú Bọ̀ láti Àgádẹ́sì

Ìwọ tí o ń ka ìtàn yìí, gbọ́ ìkìlọ̀ o. Bí o bá gbé wúrà rẹ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, má ṣe dìde níbẹ̀ títí yóò fi yọ́ lójú rẹ. Má sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Má sọ pé ọmọ ń sunkún nílé. Má sì sọ pé, "Ará ìjọ wa ni, kò lè rẹ́ mi jẹ." Ará ìjọ ni Dúrójaiyé alágbẹ̀dẹ wúrà. Kò fọwọ́ kan ohun olóhun rí kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá ti fẹ́ràn, ọwọ́ a máa mọ ọ̀nà débẹ̀ fúnra rẹ̀.

Odode ní Ìdànrè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ilé páànù kékeré kan tí ó fẹ̀yìn ti àpáta. Bí oníbàárà bá jókòó níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹwìrì. Kò sì sí bí oníbàárà kò ṣe ní jókòó, nítorí àṣà iṣẹ́ náà nìyẹn: oníwúrà ní láti kọjú sí iná, kí ó máa wo ìkòkò amọ̀ kékeré tí wúrà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wúrà bá yọ́ tán, tí ó ń mì bí ojú ẹyẹ, alágbẹ̀dẹ á ní, "Ẹ rí i?" Òun náà á ní, "Mo rí i." Ó parí. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Alágbẹ̀dẹ tí kò bá tíì gbọ́ "mo rí i" yẹn kì í gbé òòlù.

Ibi tí ìfẹ́ owó àtijọ́ ti wọ ọkùnrin yìí lára, bóyá Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Alhaja kan láti Àkúrẹ́ ló kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá, owó wúrà pẹlẹbẹ kan tí ìwé Lárúbáwá yí etí rẹ̀ ká bí èèrà tó tò lọ sídìí ṣúgà. Dúrójaiyé gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i síwá-sẹ́yìn. Ta ló kọ ọ́? Ọwọ́ mélòó ló ti kọjá kí ó tó dé ọwọ́ òun? Òun tí kò kọjá Òfosù rí ní ìhà ìsàlẹ̀, tí kò kọjá Àkúrẹ́ rí ní ìhà òkè! Ṣùgbọ́n Alhaja ti jókòó, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, ó ń wo iná. Dúrójaiyé yọ́ ọ. Ìwé náà pọ́n, ó rọ̀, ó sì parẹ́ bí ìgbà tí omi gbé ojú ẹsẹ̀ èèyàn lọ lórí yanrìn. Kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wá, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi wúrà tèmi dípò rẹ̀ fún yín, ìwọ̀n kan náà, kí n mú èyí." Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Wúrà ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìwé. Díẹ̀díẹ̀, ó kó wọn jọ sínú agolo ìpara Mẹ́ńtólátù, ó fi òwú tẹ́ ìdí wọn, ó sì tì í sábẹ́ gẹdú tí ó ń lu irin lé. Kò pọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbà wọ́n. Síbẹ̀, bí kò bá rí wọn láàárọ̀, iṣẹ́ kì í wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọláwùmí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. "Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ ń kó obìnrin jọ," ni ó máa ń sọ, "tèmi ń kó owó tí wọn kì í ná. Ilé ń jò, owó wà nínú agolo!"

"Ṣé obìnrin ni o fẹ́ kí n kó?"

"Obìnrin á kúkú bá mi fọ abọ́."

Ẹni tí ó ni owó tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ ni Olúrónkẹ́, tí ó ń ta karosíìnì létí títì ní Aládé, ní Ìdànrè bákan náà. Dírẹ́bà ni Olúlékè ọkọ rẹ̀. Obì ló ń kó lọ sí Kánò. Nígbà tó yá, ó bá àwọn Haúsá kọjá Kánò, wọ́n wọ inú aṣálẹ̀ lọ dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àgádẹ́sì, níbẹ̀ ló sì ti ra owó wúrà kan bọ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun rí. Bí òun bá tún lọ, òun á wá èkejì rẹ̀ kàn. Ó tún lọ. Kò bọ̀.

Rónkẹ́ dúró títí. Ẹni tó wá láti Kánò ní òun kò rí i. Ẹni tó wá láti Káṣínà ní òun gbọ́ pé ó ṣàìsàn, ẹlòmíràn ní mọ́tò rẹ̀ ló bàjẹ́ nínú yanrìn. Nígbà tó yá, wòlíì ìjọ wọn ríran sí i. Ó ní owó tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ ni ó so ó lẹ́sẹ̀, ìwé àjèjì tó wà lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà ilé. Kí iná pa ìwé náà rẹ́, kí wọ́n fi wúrà rẹ̀ ṣe yẹtí, kí ìyàwó fi sí etí. Kò ní pẹ́ tí ọkọ á fi dé.

Ọdún tí wọ́n ṣe àjọ̀dún Fẹ́sítáákì ní Èkó ni. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Rónkẹ́ yọ sí ṣọ́ọ̀bù Dúrójaiyé pẹ̀lú aṣọ àdúrà funfun, kò wọ bàtà, ó di owó náà sínú bébà.

"Bọ̀dá Dúró, ẹ bá mi yọ́ eléyìí. Yẹtí ni kí ẹ fi ṣe."

"Jókòó."

"Níbo? Ẹ wo ilẹ̀ yín, èédú ni láti òkè délẹ̀. Aṣọ mímọ́ ni mo wọ̀ yìí, orí àpáta ni mò ń lọ fún àdúrà. Bí mo bá gbé àbàwọ́n débẹ̀, àdúrà ti bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò sì wọ bàtà, iná yín sì ń ta."

"Rónkẹ́, iṣẹ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ gbàdúrà rẹ, kí o padà wá lọ́la pẹ̀lú aṣọ ilé."

"Wòlíì ní òní ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹ máa jí i ni? Ẹ jí i, kí Ẹ̀mí Mímọ́ máa wò yín!"

Ó gbé bébà náà sórí gẹdú, ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì ń tiro lọ láàárín èédú bí àdìẹ tí òjò pa.

Dúrójaiyé tú bébà náà. Ẹ jẹ́ ká rọra sọ èyí, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀. Ó tú u, ó sì jókòó lójijì. Irú rẹ̀ kò sí nínú agolo rẹ̀. Ó fẹ̀ tó owó ẹyọ kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ó fẹ́lẹ́, ó mọ́ kedere bí ẹni pé àná ni wọ́n lù ú. Ó fẹ́ dúró de Rónkẹ́ kí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn pààrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ? Kì í ṣe wúrà ni obìnrin yìí wá fún, iná ni. Wòlíì ti sọ̀rọ̀. Ó kó èédú sí i, ó fẹ́ ẹwìrì, ó fi ẹ̀mú mú owó náà, ó gbé e sókè ìkòkò. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti là. Ó wo ọ̀nà. Ó wo àpótí òfìfo tí ó yẹ kí oníwúrà jókòó sí. Nígbà náà ni ó gbé owó náà sórí òṣùwọ̀n, ó gé wúrà tirẹ̀ tí ó bá a mu rẹ́gí, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e nítorí ẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì fi ìyẹn ṣe yẹtí.

Nígbà tí Rónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, oòrùn ọ̀sán ṣì ń jó. Yẹtí ti tutù. Ó fi sí etí lójú ẹsẹ̀.

"Ó yọ́ dáadáa?"

"Wúrà gidi ni," ni Dúrójaiyé wí. Irọ́ kọ́ ni.

Àfáà Àjàgbé, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn ọjà, ló bá a ka ìwé ara owó náà. Ó ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Sijilimásà ni wọ́n ti lù ú, létí aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún, ọdún rẹ̀ sì súnmọ́ ẹgbẹ̀rún.

"Ìlú náà ńkọ́?"

"Ó ti di àlàpà."

"Ọba tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i?"

"Bọ̀dá, ọba ti kú, ẹni tó sin ín ti kú, ẹni tó jẹ oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù tí ẹ ń béèrè wọn."

Dúrójaiyé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó di ohun tí ó ń ronú lé bí ó bá ń fẹ́ iná: ìlú tí kò sí mọ́, àti bí ohun kékeré báyìí ti ṣe jáde níbẹ̀, tí ó gba inú yanrìn, tí ó gba àpò ràkúnmí, tí ó bá mọ́tò obì padà wá sí Ìdànrè. Ìbá wù ú kí òun náà ti rìn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ní ilé àdúrà, ìlà kejì ni Rónkẹ́ máa ń dúró sí. Bí ó bá ń mi orí, yẹtí náà á máa kọ mànà, Dúrójaiyé á sì wolẹ̀. Nígbà ẹ̀rí, obìnrin náà á jáde síwájú, á ní, "Olúwa, ìwọ lo ní kí n sun ún, mo ti sun ún. Ìlérí tìrẹ ló kù." Gbogbo ìjọ á ní, "Àmín!" Dúrójaiyé á máa wá ojú ewé kan nínú ìwé orin rẹ̀. Bí ó bá kọjá ní Aládé, á rí i létí títì, ìgò karosíìnì níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ lára gbogbo mọ́tò tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Mọ́tò á kọjá, ọrùn rẹ̀ á sì tẹ̀lé e títí yóò fi kọ̀rọ̀.

Ṣé òótọ́ ni wòlíì rí? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé òun, Dúrójaiyé, ló dá ọkùnrin kan dúró sínú aṣálẹ̀. Ìgbà mìíràn ó gbé owó náà sínú ìkòkò, ó ní ó tó, kí ó yọ́ lónìí, kí ọkọ ọlọ́kọ máa bọ̀. Iná á mú. Etí owó á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kí ìwé náà tó rọ̀, á ti fi ẹ̀mú yọ ọ́, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni tí ó ń fẹ́ ojú ọgbẹ́ ọmọ.

Ọdún mẹ́rin ló wà bẹ́ẹ̀.

Ìjọba alágbádá ti dé nígbà náà. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, ó bo àpáta tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí orí wọn. Ọláwùmí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Rónkẹ́ dé, pẹ̀lú ìró àti bùbá lásán, bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó Olúlékè, ẹ káàbọ̀," ni Ọláwùmí wí. "Ẹ rọra jókòó o. Ìṣó wà lórí àpótí ọkọ mi. Ó ní òun ń bọ̀ wá kàn án wọlé láti Kérésì."

"Kérésì èwo, màámi?"

"Ẹ bi í! Ẹ bá mi wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ ra iyọ̀."

Rónkẹ́ jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó máa jókòó sórí àpótí yẹn.

"Bọ̀dá Dúró, àwọn ẹbí Olúlékè ti pè mí."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n fẹ́ sin ín."

"Sin kí ni? Ṣé wọ́n rí òkú ni?"

"Ohun tí ara rẹ̀ bá ti kàn. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á gbé e sí i, wọ́n á sunkún, wọ́n á jẹun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èmi di opó."

Dúrójaiyé ń fẹ́ ẹwìrì. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

"Kí lo máa fún wọn?"

"Kí ni mo ní? Ẹ̀wù rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́. Bàtà rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lọ sóko. Wọ́n ní kí n mú yẹtí yìí wá." Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. "Mo ní yẹtí kọ́ ló fún mi. Ohun tó fún mi, mo ti sun ún. Mo gbé e wá síbí fúnra mi, mi ò tilẹ̀ jókòó wò ó."

"Wòlíì ló ní kí o…"

"Wòlíì ti lọ sí Sàpẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gbé e sí ìjọ mìíràn." Ó wo ilẹ̀. "Bọ̀dá, ojú Olúlékè kò tíì parẹ́ lójú mi. Mo ṣì mọ bó ṣe máa ń fọn fèrè mọ́tò rẹ̀ bó bá ń wọ Aládé. Owó yẹn ni mi ò rí mọ́. Ọjọ́ tó mú un dé, ó ní kí n dijú, ó fi sí mi látẹ́lẹwọ́, ó ní, 'Sọ ohun tó jẹ́.' Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ rí i kẹ́yìn láyé. Ẹ sọ fún mi bó ṣe rí. Ìyẹn nìkan ni mo bá wá."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Dúrójaiyé, ẹnì kan kò bẹ̀ ẹ́ rí pé kí ó sọ nípa owó wúrà. Ìyàwó rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfáà á kà á tán, á padà sídìí àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Dúrójaiyé rò pé òun á sọ díẹ̀, òun á sì dákẹ́.

"Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú," ó wí. "Ó fẹ́lẹ́."

"Ẹn-hẹ́n."

"Ìwé àárín rẹ̀ tò ní ìlà-ìlà, òkè sí ìsàlẹ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró gbọnrangandan bí koríko tó hù sójú àpáta. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí wọn po. Ìwé mìíràn wá ń sáré ká ẹ̀yìn ọ̀já náà, o kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Eyín ńkọ́?"

"Eyín ta ni?"

"Olúlékè gé e jẹ lójú mi, kí n lè gbà pé wúrà ni. Ojú eyín rẹ̀ wà létí owó náà. Mi ò rántí bóyá apá òkè ni."

"Apá ìsàlẹ̀ ni," ni Dúrójaiyé wí kíá, nítorí ó ti ń rò ó tipẹ́ pé irin kan ló ṣá owó náà, "lọ́wọ́ òsì, lábẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Eyín ni? Áà! Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bọ́ sí i, á dà bíi pé omi wà níbẹ̀."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jóná lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá Dúró, òwúrọ̀ ni mo gbé e fún yín. Ọ̀sán ni mo gba yẹtí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wo ló bọ́ sí i?"

Ọwọ́ Dúrójaiyé ṣubú lára ẹwìrì. Ní ọkàn rẹ̀, ó rí àgọ́ ọlọ́pàá, ó rí ojú ìjọ, ó rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sí mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ gẹdú, ó fa agolo jáde. Òwú lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé owó náà sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà.

Rónkẹ́ dijú. Ó pa ọwọ́ dé. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá nǹkan létí owó náà, ó ń wá a, nígbà tó sì kàn án, ó dúró síbẹ̀.

"Kò wọ iná," ó wí, ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Kò wọ iná."

"Gbogbo ẹ̀rí tí mo ń jẹ́ níwájú ìjọ…"

"Wúrà náà pé, Rónkẹ́. Mo fi tèmi dípò. Mo tilẹ̀ lé díẹ̀ sí i. Mi ò rẹ́ ọ jẹ, Ọlọ́run gbọ́, ó kàn jẹ́ pé mi ò lè…"

"Ẹ dákẹ́ ná."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ẹnu sinmi.

"Iná wà nílẹ̀," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "O sì ti jókòó. Bí o bá fẹ́, mo máa yọ́ ọ báyìí, wàá rí i lójú ara rẹ. Bóyá kò tíì pẹ́ jù. Bóyá bó bá yọ́ báyìí, níbi yòówù kó wà, á…"

Rónkẹ́ la ojú. Ó wo iná náà. Ó na ọwọ́ díẹ̀ síwájú, Dúrójaiyé sì rí i pé ìka rẹ̀ fẹ́ là, òun náà kò mọ ohun tí òun ń gbàdúrà fún, kí ó là, tàbí kí ó má là. Ọwọ́ náà padà. Rónkẹ́ so owó náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó, ó tún ta á.

"Àwọn tó fẹ́ sin ín ńkọ́?" ni Dúrójaiyé bi í.

"Kí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀ kí wọ́n sin ìyẹn."

Ó dìde. Dúrójaiyé náà dìde. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára kókó aṣọ náà. Ó wù ú kí ó ní, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n tún rí i lẹ́ẹ̀kan. Kò dán an wò.

"Rónkẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ yẹn wá. Mi ò lè bi ẹlòmíràn. Ṣé o rò pé èmi ni mo dí i lọ́nà?"

Obìnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, kò wẹ̀yìn.

"Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ ní ìjọ, sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, pè wọ́n. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn èyí. Ṣé èmi ni?"

Ọláwùmí ń bọ̀ látọ̀ọ́kán pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀, ó rí èéfín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó pariwo: "Háà! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti jẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi di èédú! Ìyàwó Olúlékè, ọ̀rọ̀ kí lẹ ń sọ tó dùn tó báyìí?"

Rónkẹ́ mi orí. Ó di kókó aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ má bínú, màámi," ó wí. "Bọ̀dá, ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ìdáhùn tí ẹ ń wá, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Dúrójaiyé pè é títí ó fi kọjá ìdí àpáta. Ọwọ́ obìnrin náà kò kúrò lára kókó aṣọ rẹ̀.